Sípíríǹgì Bẹ́ẹ̀dì

Bí sípíríǹgì bẹ́ẹ̀dì bá ké, aládùúgbò mi kan ní Ìsọlọ̀ láyé owó epo ni mo máa ń rántí. Ó fi ẹ̀yìn ṣèṣe nílé iṣẹ́ aṣọ. Ọ̀gá rẹ̀ ní bí kò bá lè gbé ìdì aṣọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, iṣẹ́ bọ́. Láràárọ̀, á yọ sípíríǹgì kan lára bẹ́ẹ̀dì wọn, á so ó mọ́ irin ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, á dùbúlẹ̀, á máa fi ẹsẹ̀ nà án kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè le padà.

"Bàbá Ìbejì, ó máa já o!" ìyàwó rẹ̀ á pariwo.

"Kó já! Ẹ̀yìn mi ńkọ́?" Á wá mí síta. "Kí èémí jáde ná, kí agbára ráyè."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo tẹ̀ lé e lọ sílé iṣẹ́. Ó mí síta, ó gbé ìdì aṣọ náà lé èjìká.

"Ó tó, sọ ọ́ kalẹ̀," ọ̀gá wí.

"Rárá, sà. Ibo ni kí n gbé e dé?"