Wàsílátù, Obìnrin Tó Sọ Ìtàn Ilé-Ìwé Ìsọlọ̀

Oyún oṣù keje wà nínú Wàsílátù nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé-ìwé girama tuntun ní Ìsọlọ̀, síbẹ̀ ó bá àwọn obìnrin àdúgbò pọn omi fún àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù. Kò sẹ́ni tó fi tipátipá mú un. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti da omi tiwọn tán, wọ́n á yíjú sílé. Òun á dúró ní tirẹ̀, á máa wo bí ògiri ṣe ń ga, àfi bí ẹni pé ilé ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Ìwé kẹrin ló wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí àìsàn fi dá bàbá rẹ̀ dùbúlẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní kó wá jókòó ti bàbá, kí àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin máa bá ìwé lọ. Wàsílátù ò janpata. Ó fọ aṣọ ilé-ìwé rẹ̀, ó ká a, ó fi ta ọmọ aládùúgbò kan lọ́rẹ. Bàbá gbádùn nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kó tó gbádùn, ẹsẹ̀ ọmọ ti gùn ju bẹ́ǹṣì ìwé kẹrin lọ. Nígbà tó yá, ó fẹ́ Ṣàmsúdéènì, ọmọ Ìsẹ́yìn bíi tirẹ̀, tó ń kó ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Wọ́n gba yàrá kan nílé Bàbá Ògúnjìmí l'Ísọlọ̀. Òun náà ríṣẹ́ sí iléeṣẹ́ aláṣọ kan nítòsí, nídìí ẹ̀rọ tó ń ká òwú. Sàfúrátù ni wọ́n kọ́kọ́ bí. Rùfáì tó tẹ̀ lé e ni oyún tó gbé pọn omi ilé-ìwé yẹn.

Ayé dẹrùn nígbà náà. Epo rọ̀bì ń mówó wọlé, ìjọba fi kún owó oṣù, ilé ń hù l'Ájàó Ẹ̀sítéètì bí olú òjò. Ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ǹtì tò lọ rẹrẹẹrẹ lójú òkun Àpápá títí tí sìmẹ́ǹtì ẹlòmíràn fi di òkúta nínú àpò. Ṣàmsúdéènì ra fáànù, ó ra rédíò ńlá tí àwọn ará ilé máa ń wá bá wọn gbọ́. Kò sí ohun tí Wàsílátù fẹ́ jẹ tí kò rí jẹ. Àmọ́ lọ́jọ́ kan, Sàfúrátù gbé ìwé kíkà rẹ̀ wá síwájú rẹ̀, ó nàka sí ọ̀rọ̀ kan.

"Màámi, báwo ni wọ́n ṣe ń pe èyí?"

Wàsílátù wò ó títí. "Bi bàbá ẹ."

"Bàbá náà ní kí n bi yín."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó sáré jáde lọ ṣeré. Ìyá rẹ̀ ò lè rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ló gbọ́ pé ilé-ìwé girama náà ti ṣí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ fún àwọn àgbà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè wá.

"Ìyá ọlọ́mọ méjì?" Ṣàmsúdéènì béèrè nígbà tó gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú rẹ̀. "Kí lo fẹ́ fi ìwé ṣe ní ọjọ́ orí ẹ yìí? Ẹ̀rọ tó ń ká òwú, ṣé ó ń sọ òyìnbó ni?"

"Bàbá Sàfú, ẹ jẹ́ kí n lọ. Bí mo bá fi ilé sílẹ̀ láìtọ́jú, ẹ dá mi dúró."

Kò ní kó má lọ, kò sì ní kó lọ. Wàsílátù gbà pé ẹni tó dákẹ́ ti gbà. Ó lọ.

Ọ̀gá ilé-ìwé náà ni Ọ̀gbẹ́ni Albert, ọkùnrin gíga kan láti Jàmáíkà, tó fẹ́ nọ́ọ̀sì ọmọ Yorùbá kan, Olúfọlákẹ́, nílùú Lọ́ńdọ̀nù, tó sì bá a wálé. Àwọ̀ rẹ̀ dúdú bíi tiwa, ṣùgbọ́n bó bá ti la ẹnu, gbogbo èèyàn á mọ̀ pé àlejò ni. Ọ̀gá Jàmáíkà làwọn ará Ìsọlọ̀ ń pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ àwọn àgbà nírọ̀lẹ́. Yorùbá tí ìyàwó rẹ̀ kọ́ ọ ló fi máa ń la òyìnbó fún wọn níbi tó bá ti le, Yorùbá ọ̀hún ò sì gún régé.

"Lónìí," ó ní lọ́jọ́ kan, "mo fẹ́ sọ itan ilé-ìwé mi fún yín."

Obìnrin kan lẹ́yìn ní, "Itan kẹ̀? Ilé-ìwé a máa ní itan?"

Ẹ̀rín bẹ́. Àwọn ọkùnrin gbá tábìlì, àwọn obìnrin ń nu omijé. Ọ̀gá Jàmáíkà dúró, ó ń wò wọ́n, kò mọ ohun tó sọ. Wàsílátù ló ṣàánú rẹ̀. Ó dìde, ó gbá itan ara rẹ̀ lórí ìró.

"Sà, itan nìyí o. Ìtàn lẹ̀ ń wá. Ẹ gbé ohùn yín wálẹ̀. Ìtàn."

"Ìtan."

"Ẹ tún gbé e wálẹ̀, sà."

"Ìtàn!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un bí ẹni tó yege ìdánwò. Ibi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ ni Ṣàmsúdéènì ti yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti ibi iṣẹ́ dé, kò bá ìyàwó nílé, kíláàsì ti pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, òjò sì ti ṣú. Ó ti di ọ̀rọ̀ sẹ́nu láti ilé wá. Wàsílátù rí ojú rẹ̀, ó mọ̀ pé ìbínú ló bá wá. Ṣùgbọ́n kí ọkọ rẹ̀ tó sọ̀rọ̀, Ọ̀gá Jàmáíkà ti di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ káàbọ̀, sà! Ẹ wọlé! Ẹ pẹ́ díẹ̀, kò burú. Ẹ jókòó, ẹ jókòó."

Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ló pè é. Ó fà á dé orí bẹ́ǹṣì, ó fi í jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó fi pẹ́ńsùlù lé e lọ́wọ́. Ṣàmsúdéènì tí àwọn alágbàru ń bẹ̀rù ní pápákọ̀ òfurufú jókòó bí ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ojú àwùjọ ni, àlejò ló sì ń ṣe é lálejò, kí ló fẹ́ sọ?

Ọ̀gá Jàmáíkà wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ó ní ilé-ìwé tí òun lọ nílé àwọn ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan létí òkun. Àwọn ọkùnrin fọ́ òkúta, àwọn obìnrin ru yanrìn, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó mọ̀wé. Ìjì líle kan jà nígbà tí bàbá òun wà níbẹ̀, ó ṣí òrùlé ilé-ìwé, ó gbé e lọ sínú òkun. Ìdánwò ku ọ̀la. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ìyá àti bàbá àwọn ọmọ kóra jọ, wọ́n na táńpólì, aṣọ nípọn tí wọ́n fi ń bo ẹrù, mọ́ òpó, wọ́n sì di etí rẹ̀ mú kí atẹ́gùn má bàa ká a, àwọn ọmọ sì ń kọ̀wé lábẹ́ rẹ̀.

"Lọ́dọọdún," ó ní, "ọmọ ilé-ìwé kan máa ń dìde lọ́jọ́ ayẹyẹ, á sọ gbogbo ìtàn yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi náà sọ ọ́ rí."

Òjò tí wọ́n ń retí ò rọ̀ mọ́. Tọkọtaya náà ń lọ sílé, Wàsílátù ń dúró de ìbínú, kò rí ìbínú. Wọ́n kọjá ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́, wọ́n kọjá mọ́ṣáláṣí. Nígbà tí wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n délé, Ṣàmsúdéènì wúkọ́.

"Àwọn tó di táńpólì mú yẹn," ó ní, "ọwọ́ wọn á ro wọ́n o."

"Á ro wọ́n, bàbá Sàfú."

"Àwọn ọmọ náà ṣáà ṣe ìdánwò ọ̀hún tán?"

"Wọ́n ṣe é tán."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Láti ọjọ́ náà, bí aago bá ti ń lọ sí márùn-ún, òun ló máa ń sọ fún Wàsílátù pé kó má pẹ́ dé kíláàsì. Ó ti sinmi àwàdà ẹ̀rọ tó ń sọ òyìnbó.

Ọdún 1977 ni àwọn èèyàn dúdú láti gbogbo àgbáyé kóra jọ s'Ékòó fún àjọ̀dún àṣà. Àwọn ará Jàmáíkà wà níbẹ̀, Ọ̀gá Jàmáíkà sì ṣèlérí pé ilé-ìwé máa ṣe ayẹyẹ tirẹ̀ lásìkò náà, kí àwọn èèyàn òun lè wá wò ó. Ó pe Wàsílátù.

"Ìwọ lo máa sọ ìtàn ilé-ìwé wa. Ní Yorùbá. Ìyàwó mi á máa túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn àlejò."

"Sà, ilé-ìwé tí a kọ́ lánàá? Ìtàn wo ló ní?"

"Tiwa náà jẹ́ ti àná nígbà kan. Lọ béèrè."

Bó ṣe di pé Wàsílátù lọ bá Bàbá Abórìṣàdé nìyẹn, olórí ẹbí tó ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni pé ìjọba ló gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Bàbá jókòó sí iwájú ilé, ó ń gé èékánná. Wàsílátù kúnlẹ̀, ó kí i, ó sọ ohun tó bá wá. Bàbá gbé abẹ sílẹ̀.

"Ìjọba kọ́," ó ní. "Ọmọ́lẹ́wà ni. Ìyàwó mi."

Ó sọ fún un pé oko ẹ̀gẹ́ ìyàwó òun ni gbogbo ibẹ̀. Nígbà náà, ọmọ Ìsọlọ̀ tó bá fẹ́ ka ìwé girama á fẹsẹ̀ rìn dé Òṣòdì, á sọdá ojú irin, á sọdá títì. Àyànníyì ọmọ-ọmọ wọn ń lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ akẹ́rù kọ lù ú. Kò kú, Ọlọ́run ṣeun, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ò tún nà mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e ti ọsibítù dé, Ọmọ́lẹ́wà gba oko lọ. Ẹ̀gẹ́ ò tíì ta dáadáa nínú ilẹ̀. Ó fà á tu, òun nìkan, láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì.

"Mo bá a níbẹ̀," Bàbá ní. "Mo ní, 'Ṣé orí ẹ dàrú ni?' Ó ní, 'Ilé-ìwé ni mo gbìn síbẹ̀ báyìí. Ẹ lọ sọ fún ìjọba kí wọ́n wá kọ́ ọ.' Mo bá a jà, torí ilẹ̀ ìdílé ni. Kò bá mi jà padà. Ó kàn kọ̀, kò gbin nǹkan kan síbẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ ọ̀hún wà bẹ́ẹ̀ títí tí èmi náà fi lọ yọ̀ǹda rẹ̀ fún káńsù."

"Ṣé Màmá rí ilé-ìwé náà, bàbá?"

"Ó rí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kó tó kú. Ó wà lára àwọn tí ẹ jọ pọn omi. Ìyá kúkúrú, tó máa ń wé gèlè funfun."

Wàsílátù rántí ìyá náà. Òun ló ní kó má gbé garawa tó wúwo mọ́, tó gba èyí tó wà lórí rẹ̀, tó sì fún un ní kékeré. Kò mọ̀ rárá pé ìyá náà ló ni oko ọ̀hún. Ó gbé orí sílẹ̀ kí Bàbá má bàa rí ojú rẹ̀.

Ọjọ́ ayẹyẹ dé, pápá ilé-ìwé kún. Àwọn ará Jàmáíkà jókòó síwájú pẹ̀lú aṣọ aláràbarà. Àwọn ọmọ ilé-ìwé wọ yunifọ́ọ̀mù tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Bàbá Abórìṣàdé wà níbẹ̀ pẹ̀lú Àyànníyì, tó ti di géńdé, tó ń tún rédíò ṣe l'Éjìgbò. Wàsílátù dìde. Ó wo Ṣàmsúdéènì, ọkùnrin náà gbé Rùfáì sórí èjìká kó lè rí ìyá rẹ̀ dáadáa. Ó bá la ẹnu.

Ó sọ nípa ojú irin àti títì. Ó sọ nípa ẹ̀gẹ́ tí kò tíì ta. Nígbà tó dárúkọ Ọmọ́lẹ́wà, ìyàwó Abórìṣàdé, ariwo kékeré kan gba pápá kọjá, torí ọ̀pọ̀ wọn ló mọ ìyá náà, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó ṣe. Bàbá Abórìṣàdé ṣí fìlà, ó gbé e lé orókún. Olúfọlákẹ́ tó ń túmọ̀ rẹ̀ sí òyìnbó dúró lójijì, ó ní kí wọ́n ṣe sùúrù fún òun. Àyànníyì fúnra rẹ̀ ò tíì gbọ́ ọ rí pé torí ẹsẹ̀ òun ni. Ó tẹjú mọ́ ògiri ilé-ìwé náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i.

Wàsílátù parí rẹ̀ láìṣe ohun ńlá kan. "Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ṣeun."

Nígbà tí àtẹ́wọ́ rọlẹ̀, obìnrin kan láàárín àwọn ará Jàmáíkà dìde, ó kọjú sí Ọ̀gá Albert, ó sì gbé orin kan. Inú Ọ̀gá dùn débi pé ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Orin ilé-ìwé wọn ọjọ́sí ni. Ilé-ìwé kan náà làwọn méjèèjì lọ, Ọ̀gá ò sì mọ̀ pé obìnrin náà wà láàárín àwọn àlejò títí di ìgbà yẹn. Wọ́n jọ kọ ọ́ tán, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún. Lẹ́yìn wọn, àwọn ọmọ Ìsọlọ̀ gba ègbè rẹ̀ láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, Wàsílátù gba ìwé-ẹ̀rí ìwé mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kejì tó jókòó fún ìdánwò rẹ̀. Iléeṣẹ́ gbé e kúrò nídìí òwú lọ sí ọ́fíìsì, ilé-ìwé sì ní kó máa kọ́ àwọn àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ ra ilẹ̀ l'Éjìgbò, wọ́n kọ́lé síbẹ̀, wọ́n kó wọlé kí wọ́n tó kan fèrèsé. Ìyá ọkọ rẹ̀ wá kí wọn láti Ìsẹ́yìn, ó rí bó ṣe ń múra kíláàsì ìrọ̀lẹ́, ó ní, "Ìyàwó mi, láti àárọ̀ lo ti ń ṣiṣẹ́. Ṣé kò rẹ̀ ọ́ ni?"

"Ó rẹ̀ mí díẹ̀, màmá," ni Wàsílátù wí, ó ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga. "Àmọ́ àwọn kan wà tó jẹ́ pé òní ni wọ́n máa kọ orúkọ wọn fúngbà àkọ́kọ́. Mo fẹ́ wà níbẹ̀."