Àpáàdì tí mo ní kí wọ́n dà nù ní Kwali

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo mọ̀ọ́mọ̀ fọ́ ìkòkò lónìí, ojú sì gbà mí tì.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ míṣọ́nnárì tí mò ń ṣe ní Àbújá tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ yìí, ọwọ́ ni mo fi ń kọ́ àwọn ìdílé, kì í ṣe ẹnu nìkan.

Láàárọ̀ yìí ní Kwali, tọkọtaya àtọmọ ló jókòó, a jọ ń mọ amọ̀. Mo wá gbé ìkòkò kan tí wọ́n ti sun, mo là á mọ́lẹ̀.

Mo ní, “Ẹni tó padà sẹ́yìn nínú ìgbàgbọ́ nìyí. Kò wúlò mọ́. Ẹ kó o dà nù.”

Ẹ wo ọgbọ́n mi!

Bàbá Sámúẹ́lì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sí ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta nídìí ọtí, sorí kọ́.

Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ amọ̀kòkò, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àpáàdì náà.

“Kai, Àǹtí! Ta ní ń da àpáàdì nù?”

“Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Màmá Sámúẹ́lì?”

“A máa gún un, a máa pò ó mọ́ amọ̀ tuntun. Ìkòkò tí kò bá ní àpáàdì nínú, tó bá dénú iná, ńṣe ló máa là.”

Bàbá Sámúẹ́lì dìde, ó lọ gbé odó wá, òun fúnra rẹ̀ ló sì gún un.

Ẹ̀yin tí a jọ ń kọ́ni, ẹ dá mi lóhùn: ènìyàn mélòó la ti ní kí wọ́n kó dà nù?