Olómi Ugbónlá Lọ Búra ní Èkó

Bí ẹ bá bi Sùlèímánì léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, kò ní sọ pé ìgèrè tí wọ́n fi ń mú ẹja lòun ń dẹ. Yóò ní olómi lòun. Kò kúkú parọ́ tán. Ní etídò Ugbónlá, ibi tí ọkùnrin bá ri òpó ìgèrè rẹ̀ mọ́, omi rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n omi Sùlèímánì kò tó ohun tí èèyàn ń fi yangàn, òun náà sì mọ̀. Bó bá ku òun nìkan nínú ọkọ̀ rẹ̀ tó ń jò, a máa fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀: "Olómi, máa gbọ́n omi rẹ."

Ṣùáíbù, ọkọ ọmọ rẹ̀, bá ọkọ̀ òkun lọ, ó sì ríṣẹ́ sí èbúté Liverpool. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ fún un nílé tí yóò fi lè mú Wòsílátù ìyàwó rẹ̀ wá, bí bàbá ìyàwó bá lè búra sí ìwé pé òun fi ọmọ fún un lóòótọ́. Bí kò bá sí ìwé, Wòsílátù kò ní lọ. Èkó ni wọn yóò ti búra náà, níwájú nótárì, ìyẹn lọ́yà tí òǹtẹ̀ rẹ̀ ń mú kí òyìnbó gba ìwé wa gbọ́.

Sùlèímánì mú ọmọ rẹ̀ tọ Lawrence lọ ní Igbókòdá, akọ̀wé tó ń fi ẹ̀rọ tẹ ìwé fáráyé. Gbólóhùn kan péré ni Lawrence fẹ́ tẹ̀. Sùlèímánì fárígá. Ṣé kí òyìnbó wá máa rò pé ọmọ ẹni tí kò ní láárí ni Ṣùáíbù fẹ́ ni? Ó ní kí ó kọ olómi sí i. Kí ó kọ ọlọ́kọ̀. Kí ó kọ àgbà Mùsùlùmí láti Ugbónlá títí dé Òde Mahin. Kí ó wá kọ ọ́ pé tayọ̀tayọ̀ lòun fi jẹ́ kí ọmọ òun lọ.

"Bàbá, ó ti tó," ni Wòsílátù wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́yà Fẹ̀hìntọlá, nótárì tí wọ́n lọ bá ní Èkó, kò kánjú. Ó tú ìwé náà sí Yorùbá létí gbogbo àwọn tó jókòó tì í, ó sì gbé Kùránì fún Sùlèímánì. "Bàbá, ẹ fẹ́ fi èyí búra pé òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣé ẹ̀yin lẹ ni omi?"

Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ ń bá a. Sùlèímánì ti parọ́ yìí títí ó fi mọ́ ọn lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan Kùránì pa á rí.

"Ìgèrè ni mo ní," ó ní. "Ọlọ́run ló ni omi."

Lọ́yà fa ìlà pa olómi rẹ́. "Ọlọ́kọ̀ ńkọ́?"

"Ọ̀kan ni. Ó sì ń jò."

Nígbà tó kan ti àgbà Mùsùlùmí, kò dúró kí wọ́n bi í. Ó ní ẹ̀yìn pátápátá lòun ti ń kírun, bí òun bá sì pẹ́ dé, ìta ni. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí ó rí i pé bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọlá kúrò lọ́rùn òun, òun ń rí ara òun bí òun ṣe rí gan-an.

"Tayọ̀tayọ̀ lẹ fi jẹ́ kó lọ?"

Ẹ̀rín tán lẹ́nu Sùlèímánì. Láti ìgbà tí ìyá Wòsílátù ti kú, ọmọ yìí nìkan ló ń bá a sọ̀rọ̀ nílé. Ó fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ohun tó fi ń fọ́nnu lọ. Ó wo Kùránì, ó wo ọmọ.

"Ẹ pa tayọ̀tayọ̀ rẹ́," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó kù pé mo jẹ́ kó lọ."

Gbogbo ariwo tí bàbá rẹ̀ pa níwájú Lawrence, ayọ̀ ni Wòsílátù ti pè é tẹ́lẹ̀. Ìgbà yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e, ó sì bú sẹ́kún. Akọ̀wé lọ́yà tún ìwé náà tẹ̀, Sùlèímánì sì búra. Ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sí i, lọ́yà sì lu òǹtẹ̀ lé e.