Àga Ìyá Oníbọ́tìnnì

Láràárọ̀, Ìyá Àgbà á kan ògiri yàrá wa láti orí ibùsùn rẹ̀, á ní, "Ta ló ń lọ lónìí?" Màmá mi á dáhùn, "Èmi ni, mà." Ìyá Àgbà á ní, "Wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire." Èmi á fa aṣọ borí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń fa aṣọ náà borí, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n fà.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán ṣẹ́ẹ̀tì ni Màmá ń lọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi jókòó sídìí masíìnì kan lẹ́bàá fèrèsé, tó ń kan bọ́tìnnì méje méje mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ìyá Oníbọ́tìnnì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bó bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, àyà onítọ̀hún ló máa ń wò, bọ́tìnnì ló ń kà. Ó ti bá olùkọ́ mi kan bọ́tìnnì tó já lójú gbogbo kíláàsì rí, ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Ìyá Àgbà ló ni àga ìdí masíìnì ọ̀hún tẹ́lẹ̀. Àṣà àwọn obìnrin ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá ń fẹ̀yìn tì á mú ọmọ rẹ̀ dání lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, á fi í jókòó sórí àga ara rẹ̀, á sì fi òwú sí abẹ́rẹ́ fún un. Kò sí ìwé, kò sí ìdánwò. Bí Màmá ṣe débẹ̀ nìyẹn.

Èmi kọ̀. Mo kàwé gboyè, ọ́fíìsì ni mò ń retí. Mo kọ ìwé ìwáṣẹ́ títí ọwọ́ fi ro mí. Àwọn tó dáhùn ní kí n lọ ní ìrírí ná, bíi pé inú ìkòkò ni wọ́n ti ń bù ú. Nígbà tó yá, mo jáwọ́. Màmá ò bá mi jà. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ó dé láti ibi iṣẹ́, ó bọ́ bàtà, ó ní, "Mo ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Àga ti ṣí fún ẹ. Ọjọ́ Ẹtì la jọ ń lọ."

Ó ṣì ku ọdún mẹ́rin kó fẹ̀yìn tì! "Màmá, ta ló ní kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ìyá mi náà ò bi mí kó tó dìde fún mi."

Inú bí mi títí di Ọjọ́rú. Ní Ọjọ́bọ̀, mo fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì kan sílẹ̀ de ọjọ́ kejì. Kí n má purọ́, ara mi ti ń yá.

Nígbà tá a débẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá yàrá ìránṣọ dìde fún Màmá. "Ọmọ yín nìyí, mà?"

"Òun ni. Mo mú un wá kó wá jókòó."

Ọkùnrin náà wo ọ̀nà fèrèsé. Àga wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti tú masíìnì iwájú rẹ̀ lọ. "Lálẹ́ àná ni wọ́n tú u, mà. Ẹ̀rọ tuntun tó wà ní yàrá kejì ló ń kan bọ́tìnnì báyìí. Ojú yín nìkan là ń wò tá a fi fi masíìnì yín sílẹ̀. Nígbà tí ìwé yín dé, àwọn ọ̀gá àgbà ní Ọlọ́run ló ṣe é. Wọn ò gba ẹnikẹ́ni sípò yín."

"Ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Mo rò pé ó ti rẹ̀ yín ni, mà."

Màmá fọwọ́ pa ẹ̀yìn àga náà. "Kí ọmọ mi ṣáà jókòó díẹ̀."

Mo jókòó. Ó yọ abẹ́rẹ́ nínú báàgì rẹ̀, ó fi òwú sí i, ó nà án sí mi. Ojú tì mí, àánú rẹ̀ sì ṣe mí débi pé mi ò lè gbójú sókè.

Nígbà tá a délé, Ìyá Àgbà béèrè bó ṣe lọ. "Ó jókòó dáadáa, mà," ni Màmá fi dáhùn.

Ní ọjọ́ Ajé, ògiri dún. "Ta ló ń lọ lónìí?"

Màmá yíjú sí ògiri. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ká aṣọ kúrò lórí.

"Èmi ni, mà."

"Wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire."

Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì mi, Màmá ka bọ́tìnnì àyà mi, méje pé. Mi ò tíì mọ ibi tí mò ń lọ, ṣùgbọ́n mo jáde.