Ẹsẹ̀ Tí Kò Mọ Iná

Àpáta kan wà lẹ́yìn abúlé Euphrasie, lápá Kpingni, tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Orí rẹ̀ ni gbogbo obìnrin ti ń sá ẹ̀gẹ́ àti iṣu tí wọ́n bẹ́. Ọ̀sán gangan ló yẹ kí èèyàn yí i padà, ọ̀sán gangan náà sì ni àpáta ń gbóná débi pé ewúrẹ́ kì í gùn ún. Àwọn obìnrin á sáré gòkè, wọn á máa fò sókè sódò, wọn á yí ìwọ̀nba tí wọ́n bá lè yí, wọn á sì sá bọ́ sábẹ́ igi. Kò sẹ́ni tí í wọ bàtà gorí rẹ̀, nítorí oúnjẹ ni wọ́n ń sá síbẹ̀. Ta ló fẹ́ jẹ erùpẹ̀ bàtà ẹlòmíràn?

Euphrasie nìkan ni kì í sáré. Jẹ́jẹ́ ni í rìn. Á yí tirẹ̀ tán, á bá aládùúgbò yí, á tún dúró sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹsẹ̀ baba ńlá wọn tó kọ́kọ́ tẹ òkè náà dó ló jogún. Òun náà á máa rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ á sì dùn. Ẹnu ayé ṣáà nìyẹn: ohun tí kò bá yé e, kò ní pẹ́ sọ ọ́ di oyè.

Ẹ̀rín yẹn dáwọ́ dúró nínú ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún 1964. Ó ń yan gàrí lọ́jọ́ kan nígbà tí òórùn ẹran sísun gba imú rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá ẹni tó ń sun òkété. Ìgbà tó wolẹ̀ ló rí i pé ẹ̀yinná ló lẹ̀ mọ́ gìgísẹ̀ òun. Ẹran ara rẹ̀ ló ń jóná, kò sì mọ̀. Ó fi aṣọ di ẹsẹ̀, ó sọ fún Ignace ọkọ rẹ̀ pé òkúta ló gbá òun. Láti ọjọ́ náà, bí ilé bá ti dá, á mú abẹ́rẹ́, á gún àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, á sì máa dúró de ìrora bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ ní Paouignan. Ìrora kò dé.

Ó mọ ohun tí ó ń bẹ̀rù. Isabelle, àbúrò ìyá rẹ̀, ni wọ́n kọ́ ahéré fún lẹ́yìn oko nígbà tí Euphrasie wà lọ́mọdé, nítorí ẹ̀tẹ̀ tó fi ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora bẹ̀rẹ̀. Euphrasie ló ń gbé oúnjẹ lọ. Á gbé igbá sábẹ́ igi, á fẹ̀yìn rìn padà, obìnrin náà á sì dúró lọ́ọ̀ọ́kán, á máa kí i pé ó ṣeun. Ọdún mẹ́fà ni kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ikú yá ju ẹ̀sín, bẹ́ẹ̀ ni àgbà ń wí, ṣùgbọ́n ẹ̀sín ni Isabelle kọ́kọ́ rí kí ikú tó rántí rẹ̀. Bí wọ́n bá mọ̀ nípa ẹsẹ̀ yìí, wọn á lé Euphrasie náà kúrò nílé. Ẹ̀rù èyí kò jẹ́ kó jẹun dáadáa mọ́.

Inú ẹ̀rù yìí ló wà tí Lambert fi dé láti Cotonou. Olùtọ́jú aláìsàn ni, ṣùgbọ́n dókítà ni gbogbo abúlé ń pè é. Ìjọba rán an pé kó wá wádìí ohun tó ń ba ẹsẹ̀ àwọn àgbẹ̀ orí òkè jẹ́. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, ó ń ka àtẹ́lẹsẹ̀ tó là, ó ń wá jìgá láàárín ọmọ ìka, ó ń wo ojú àpá sòbìà, ó sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé káyè rẹ̀.

Nígbà tó ṣe, ó gbójú sókè. “Mo tún ń wá ẹsẹ̀ tí kì í mọ ìrora. Ṣé ẹ mọ ẹnì kan?”

Grégoire, olùkọ́ni ní ìjọ, ẹni tí kì í fẹ́ kí abúlé mìíràn ju tiwọn lọ, ti dìde. “Ẹ ti dé ilé rẹ̀, dókítà. A ní ẹnì kan tí àpáta ọ̀sán kì í jó.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ti Euphrasie síwájú tẹ̀ríntẹ̀rín. Wọ́n rò pé ẹ̀bùn ni ọkùnrin náà fẹ́ fún un.

Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì. Lambert fi aṣọ bò ó lójú. “Bí mo bá ti fọwọ́ kàn yín, ẹ ní ‘ó dé’.” Aṣọ náà kò fún. Euphrasie gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, ó sì ń rí ọwọ́ ọkùnrin náà nísàlẹ̀ imú rẹ̀. Bí ọwọ́ bá ti lọ, á ní, “Ó dé.” Ẹ̀ẹ̀meje ló wí i, ẹ̀ẹ̀meje ló sì tọ̀nà.

“Ẹsẹ̀ yín dáa, Ìyá Félicité,” ni Lambert wí. “Awọ rẹ̀ ló kàn nípọn.” Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Euphrasie dìde. Kò tíì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ńṣì nígbà tí Félicité, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, jókòó sí àyè rẹ̀. Ọmọ yẹn kò mọ ẹ̀tàn. Òun fúnra rẹ̀ ló fa aṣọ náà tó sì dì í le. Lambert fi òwú kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ òsì. Félicité dákẹ́. Ọkùnrin náà fi abẹ́rẹ́ kàn án. Ó dákẹ́. Ó gún un, ẹ̀jẹ̀ yọ bíńtín. Ọmọ náà jókòó jẹ́jẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Dókítà, ṣé ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?”

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Ọwọ́ Lambert dúró. Orúkọ Euphrasie ní tirẹ̀ ti mọ́ nínú ìwé. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa lé e. Ẹ̀rù ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó sì gbọ́ ọ ketekete. Síbẹ̀, ó fìdí lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó na ẹsẹ̀.

“Irọ́ ni mo pa, dókítà. Mo ń yọjú lábẹ́ aṣọ. Ẹ gún mi, mi ò ní mọ̀.”

Ẹ̀rín náà kú. Àwọn obìnrin tó fara tì í tẹ́lẹ̀ sún sẹ́yìn, wọ́n tún sún. Lambert rọra sọ pé oògùn ẹ̀tẹ̀ wà, ilé ni wọn yóò ti máa lò ó, kò sídìí láti lé ẹnikẹ́ni. Euphrasie gbọ́, kò gbà á gbọ́.

Félicité ti ṣí ojú. “Ìyá, kí ló dé?”

Euphrasie fi etí ìró rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ ọmọ náà. “Ẹ kọ orúkọ tèmi ṣáájú tirẹ̀,” ó sọ fún Lambert. “Kó má lọ jẹ́ òun nìkan ló wà nínú ìwé yẹn.”