Àwọ̀ Tí N Kò Kà Síta

Ara mi kì í balẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá wa, bóyá nítorí pé kò sí nǹkan tó tó níbẹ̀. Ọkọ̀ pátírọ́ọ̀lù méjì la ní: ọ̀kan ń rìn, èkejì jókòó lórí bíríkì láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọ́ ọ dé láti Àjàṣẹ́-Ìpo. Ẹ̀wù ayẹta mẹ́ta ló wà fún èèyàn mẹ́rin tó ń jáde lẹ́ẹ̀kan. Rádíò méjì, bátìrì méjèèjì ti darúgbó. Ọ̀wọ́ mẹ́ta la pín sí, ti àárọ̀, ti ọ̀sán àti ti òru, sájẹ́ǹtì kan sì ń darí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi ni obìnrin tó ń jókòó ti kọ́ńtà. Wọ́n ní ẹnu mi mú jù.

Iṣẹ́ mi tó ṣe pàtàkì jù kò sí nínú ìwé kankan. Àwọn ọdẹ ìlú ló ń bá wa ṣọ́ igbó, wọn kò sì ní yunifọ́ọ̀mù. Nítorí náà, láràárọ̀ la máa ń mú àwọ̀ aṣọ kan tí wọn yóò so mọ́ apá òsì, kí ọlọ́pàá má baà yìnbọn fún wọn. Èmi ni mò ń pe àwọn ọdẹ lórí fóònù. Èmi náà ni mò ń ka àwọ̀ náà síta fún àwọn ọlọ́pàá kí wọ́n tó wọkọ̀, wọn á sì pè é tẹ̀ lé mi. Mo máa ń kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ta ló ń ka bọ́ọ̀dù? Bàbá mi wà lára àwọn ọdẹ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, funfun la ti lò lọ́jọ́ tó ṣáájú, pupa ló kàn. Mo ti pe àwọn ọdẹ. Ọ̀wọ́ àárọ̀ ń jà lórí ẹ̀wù ayẹta, mo bá dá sí i. Sájẹ́ǹtì wọn kọjú sí mi.

"Ìwọ, ta ló pè ọ́ sí i? Máa ṣọ́ kọ́ńtà ẹ, kó o panu mọ́!"

Inú bí mi dé góńgó. Kí n panu mọ́, àbí? Mo kọ "pupa" sára bọ́ọ̀dù, mo sì panu mọ́ lóòótọ́. Wọ́n wọkọ̀, wọ́n lọ.

Mo ṣì ń fapá jánú nígbà tí rádíò dún. Sájẹ́ǹtì ní àgbẹ̀ kan dá àwọn dúró lọ́nà Ẹ̀síẹ́, ó ní òun rí àwọn tó gbé ìbọn nínú oko kaṣú kan, àwọn sì ń wọlé tọ̀ wọ́n. Oko kaṣú yẹn gan-an ni bàbá mi ní àwọn máa wà.

"Pupa ni! Pupa lẹ ó máa wò!"

Rádíò ọwọ́ wọn ti kú. Mo pe fóònù títí, kò wọlé. Mo fi kọ́ńtà sílẹ̀, mo fò sórí ọ̀kadà. Lójú ọ̀nà, mo bẹ Ọlọ́run, mo bú sájẹ́ǹtì, mo bú ara mi. A kù díẹ̀ ká débẹ̀ ni mo gbọ́ ìró ìbọn kan.

Òkè ni wọ́n yìn ín sí. Bàbá mi àti ọdẹ méjì ni mo bá tí wọ́n dojú bolẹ̀, ọwọ́ wọn lẹ́yìn orí, aṣọ pupa lápá wọn.

"Pupa ni ti òní!" ni mo ké.

Sájẹ́ǹtì rọra sọ ìbọn kalẹ̀. "Funfun la mọ̀."

Bàbá mi dìde, ó gbọn ewé dànù lára. "Kí ló ṣẹlẹ̀, ọmọ mi?"

"Rádíò ló kú, bàbá."

Sájẹ́ǹtì wò mí. Ó rántí ohun tó sọ fún mi láàárọ̀, mo rí i lójú rẹ̀, kò sì já irọ́ mi. Ojú tì mí. Bàbá mi rò pé ó ń bínú sí mi ni.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ́ jẹ́ kí ọ́n fìyà jẹ ẹ́. Ẹ̀rọ ló kọṣẹ́, kì í ṣẹjọ́ ẹ̀."

Sájẹ́ǹtì yìí kò ju àbúrò mi lọ lọ́jọ́ orí. Kí n tó lahùn, bàbá mi ti tún dọ̀bálẹ̀ sórí ewé kaṣú, lọ́tẹ̀ yìí nítorí mi.