Irin Ìfárùngbọ̀n Tó Fúyẹ́ Jù

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí àbúrò mi ọkùnrin jẹ́, kó lọ wo àwọn àga ilé rẹ̀. Gbogbo wọn ló rí bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ káfíńtà ni, nítorí kì í jókòó lé wọn. Ìdúró ló fi ń jẹun. Tó bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, á ti dé ẹnu ọ̀nà, á ti padà, á ti ṣí fèrèsé, á tún ti tì í. Ìyá wa ló kọ́kọ́ pè é ní Kòjókòó, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn débi pé àwọn oníbàárà rẹ̀ ò mọ òmíràn. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n nígbà tó wà ní kékeré, mo lè sọ fún yín pé ẹ̀yìn mi gan-an kò gbà á. Ṣe ló máa ń ta ẹsẹ̀ bí adìyẹ tí wọ́n so mọ́lẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ onígbàjámọ̀ ni. Irùngbọ̀n ló ń fá. Báwo ni ẹni tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀ ṣe wá ń fi abẹ kọjá lọ́fun ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n láìṣèèṣì? Èmi náà rò ó títí kó tó yé mi. Irin ọwọ́ rẹ̀ ni. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fún un lọ́jọ́ tó parí ẹ̀kọ́: irin ìfárùngbọ̀n kan tí wọ́n ń ki abẹ olójú méjì bọ̀ lórí, tí ìdérí rẹ̀ ń jẹ́ kí etí abẹ yọ díẹ̀ báyìí ní ọ̀tún àti ní òsì, tí wọ́n á sì yí èèkù rẹ̀ títí á fi dì. Irin yẹn wúwo bí ọmọ odó. Tí Kòjókòó bá ti gbé e, àfi bí ìgbà tí wọ́n gbé òkúta lé aṣọ tí atẹ́gùn ń fẹ́ kiri. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á ṣì máa yí àga oníbàárà ká, ẹnu rẹ̀ á máa ro ẹjọ́ gbogbo àdúgbò, ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn á dákẹ́. Irin náà fúnra rẹ̀ ni yóò máa sọ̀ kalẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ èèyàn, ṣáá, ṣáá, ṣáá. Kò ní kí ẹnikẹ́ni tẹ òun.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, irin yìí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tó ti ń fọ̀ ọ́. Ó ba sìmẹ́ǹtì, ọrùn rẹ̀ sì kán. Alágbẹ̀dẹ wò ó, ó ní òun lè jó o pọ̀, ṣùgbọ́n kò ní yí mọ́ láéláé. Ọmọ Kòjókòó obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nílùú mìíràn gbọ́, ó fi tuntun ránṣẹ́ lọ́gán, awakọ̀ kan sì já a fún wọn kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Tuntun ọ̀hún ń dán gbinrin. Irú irin tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Kòjókòó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ìyàwó rẹ̀ gbé e lé e.

"Ṣé o ti gbé e lé mi lọ́wọ́?"

"Òun náà kọ́ lẹ̀ ń wò yẹn, Bàbá ọmọ mi?"

"Mò ń wò ó, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ ọ́n lára. Ìyẹ́ adìyẹ wúwo ju èyí lọ."

"Ẹ yáa kúrò lójú fèrèsé, kí atẹ́gùn má gbé e lọ mọ́ yín lọ́wọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò pẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, awakọ̀ yẹn kan náà jókòó, ẹni tó ti ń fá lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí irùngbọ̀n ti ń hù ú lọ́kọ̀ọ̀kan. Kòjókòó gbé irin lé e lẹ́rẹ̀kẹ́. Kò mọ̀ ọ́n lára pé ó kan ara, ó bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ yọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó kan olùkọ́ kan. Kòjókòó ní òun ò ní tẹ̀ ẹ́ mọ́, kò sì tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí kò ti tẹ̀ ẹ́ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta, ó ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún, nítorí kò sí ohun tó di ọwọ́ náà mú mọ́. Ibi méjì ló gé.

Olùkọ́ fi táwẹ̀lì tẹ àgbọ̀n. "Ọ̀gá," ó ní, "irùngbọ̀n mi lẹ̀ ń fá ni, àbí ọsàn lẹ̀ ń bó?"

Lọ́jọ́ kejì, Kòjókòó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó wá sọ́dọ̀ mi. Kò kí mi dáadáa tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí yàrá mi po, tó ń ká aṣọ tí mo ti ká, tó ń ṣí ìkòkò tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ìrìn ẹsẹ̀ mi ti gun ọwọ́ mi o."

Mo fẹ́ dá a lóhùn ni ìyàwó Bàbá Aránṣọ kan ilẹ̀kùn. Bàbá Aránṣọ ni aránṣọ àgbàlagbà tó wà ládùúgbò wọn. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Kòjókòó ń fá irùngbọ̀n rẹ̀, láti ìgbà tó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Kókó kan ti wú sí abẹ́ àgbọ̀n bàbá náà láti bí oṣù mélòó kan, a sì ti gbọ́ pé wọ́n dá a dúró sí ọsibítù.

"Mo ti wá ọ dé ṣọ́ọ̀bù, mo wá ọ délé," ìyá náà ní, ó ń mí hẹlẹ. "Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Dókítà ní kí wọ́n fá gbogbo irun ibẹ̀ kanlẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé e ní ọsibítù ti bàjẹ́, bàbá ẹ sì yarí pé nọ́ọ̀sì kankan ò ní fọwọ́ kan òun lọ́fun. Ó ní ìwọ ni. Ó ní ìwọ nìkan."

"Ọjọ́ Ẹtì, Màmá?"

"Ọ̀tunla. Ṣùgbọ́n gbọ́ o, ọmọ mi. Nọ́ọ̀sì ní tí abẹ bá fi lè bó o lára, bó ti wù kó kéré mọ, dókítà ò ní ṣe iṣẹ́ náà, kí kòkòrò má baà gba ojú ibẹ̀ wọlé. Wọ́n á dá a padà sílé ni. Oṣù méjì ni kó tó tún kàn án. Oṣù méjì! Omi lásán, ikọ́ ló fi ń gbé e mì báyìí."

Mo wo ẹnu àbúrò mi. Mo rò pé á sọ fún un. Ohun tó jáde ni, "Màá wá, Màmá."

Nígbà tí ìyá náà lọ tán, Kòjókòó jókòó. Lórí àga mi níbẹ̀ yẹn. Ẹ̀rù bà mí ju bí ẹni pé ó ṣubú lọ. Kí n tó rí ohun sọ, ó ti dìde, ó ti wà lójú títì.

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà ní ìlú ló wọ̀ lọ́jọ́ náà. Èyí tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, tí wọ́n ń lò dànù, ló pọ̀ jù. Èyí tó jẹ́ irin, ó fúyẹ́ bíi tirẹ̀. Ó wé wáyà mọ́ èèkù tirẹ̀ kó lè wúwo, irin náà bá ń dojú bolẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọ̀mùtí. Ó tú wáyà dànù.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ra bàlúùnù mẹ́rìnlélógún. Bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn nígbà tó wà lọ́mọ iṣẹ́: kí o fẹ́ bàlúùnù, kí o fi ọṣẹ kùn ún títí á fi hó, kí o wá fá ọṣẹ náà kúrò pátápátá láìjẹ́ kó bẹ́. Mo débẹ̀ lọ́sàn-án. Láti ìta ni mo ti ń gbọ́ pòó, ó dákẹ́, pòó. Ọṣẹ wà lára ògiri. Ọṣẹ wà nínú irun ìyàwó rẹ̀. Obìnrin kan yọrí láti àgbàlá kejì.

"Ẹ̀yin ará ibí, ọjọ́ ìbí ta lẹ̀ ń ṣe tí ẹ ò pè wá?"

"Ti ọkọ mi ni," ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú ni wọ́n ń tún un bí."

Bàlúùnù márùn-ún péré ló là á já. Kòjókòó kó márààrún sí igun yàrá, ó ń rìn síwájú wọn, ó ń rìn sẹ́yìn.

"Ibi tó bá tẹ́jú, mo ti mọ̀ ọ́n báyìí, ẹ̀gbọ́n mi. N ò ní tẹ̀ ẹ́, màá kàn fà á díẹ̀díẹ̀. Ibi tó bá ti ṣẹ́ kọ́nà ni ọwọ́ mi ti ń sá lọ."

Mi ò sọ fún un pé abẹ́ àgbọ̀n Bàbá Aránṣọ, pẹ̀lú kókó tó wà níbẹ̀, kọ́nà ni látòkè délẹ̀. Òun náà mọ̀.

Èmi ni mo tẹ̀ lé e lọ lọ́jọ́ Ẹtì. Ibùsùn mẹ́rin ló wà nínú yàrá náà, fáànù kan ń dún han-in lókè. Wọ́n ti gbé Bàbá Aránṣọ jókòó lórí ìrọ̀rí méjì, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wà nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́mọbìnrin kan dúró tì í, ó so aago mọ́ àyà aṣọ.

"Ìdajì wákàtí lẹ ní, Bàbá," ó sọ fún Kòjókòó.

"O pẹ́ kó o tó dé," Bàbá Aránṣọ ní. Ohùn rẹ̀ ti há. "Irùngbọ̀n mi ti ń bi mí pé ṣé o ti kú ni."

"Mo sọ fún un pé kó dúró dè mí, Bàbá."

Ó po ọṣẹ, ó fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún títí ìfófó fi bo bàbá náà dé etí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún: díẹ̀díẹ̀, ó ń ṣan irin, ó tún ń fà á. Ó mọ́ tónítóní. Ti òsì náà mọ́. Ó gbé àgbọ̀n bàbá sókè, ó dé ibi kókó náà, awọ ibẹ̀ fẹ̀, ó ń dán. Ọwọ́ rẹ̀ ta. Ó gbé irin kúrò. Ó lọ sójú fèrèsé, ó padà, ó gbé irin sókè. Ọwọ́ tún ta. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Nọ́ọ̀sì wo aago àyà rẹ̀.

"Kòjókòó," Bàbá Aránṣọ ní, "ṣé o wá wọn ilẹ̀ yàrá yìí láti rán aṣọ fún un ni?"

Àbúrò mi dúró. Ó dúró gan-an.

"Bàbá, èèyàn méjì ni mo ti gé lọ́sẹ̀ yìí. Irin mi àtijọ́ ti kán. Èyí fúyẹ́ jù fún ọwọ́ mi. Tí mo bá gé yín, wọ́n á dá yín padà sílé. Mi ò lè fá ibí yìí."

Lójú nọ́ọ̀sì ló ti sọ ọ́, lójú àwọn aláìsàn mẹ́ta tó kù, ẹni tó ti ń fi iṣẹ́ yẹn jẹun láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ojú tì mí fún un, orí mi sì wú.

"Gbé e wá kí n wò ó," Bàbá Aránṣọ ní.

Ó fi ìka mẹ́ta mú irin náà, ó gbé e sókè, ó gbé e sílẹ̀. "Èyí lo ní ó fúyẹ́? Abẹ́rẹ́ ni mo fi gbogbo ayé mi mú, ìwọ ọkùnrin yìí."

"Ẹ ò lè rí abẹ́ àgbọ̀n yín, Bàbá."

"Ìwọ ni wàá bá mi rí i. Fi ọwọ́ méjèèjì na awọ yẹn fún mi bí ìgbà tí wọ́n ń na aṣọ, kó má ká. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ bá wa gbé dígí."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀.

"Ọmọ mi, ọ̀fun mi ni."

Mo gbé dígí. Kòjókòó gbá orí bàbá mú, ó na awọ. Orí àgbàlagbà kì í ṣe nǹkan tó fúyẹ́, gbogbo rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì kò mì.

"Ẹ wá sísàlẹ̀ díẹ̀."

"Ibí?"

"Ibẹ̀ yẹn. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Kó kàn kọjá lórí rẹ̀. Ẹ dúró, ẹ ṣan án. Ó kù sápá etí."

Ìka aránṣọ yẹn ń lọ lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀ bí ẹni ń tú òwú, kò yára, kò sì dúró. Nísàlẹ̀ ibùsùn, gìgísẹ̀ àbúrò mi ń lu ilẹ̀, tí-tí-tí-tí, ṣùgbọ́n kò gun òkè dé èjìká. Nígbà tó yá, kò sí ọṣẹ kankan níbẹ̀ mọ́.

Nọ́ọ̀sì tan tọ́ọ̀ṣì. Ó yẹ ọ̀tún wò, ó yẹ òsì, ó fi òwú funfun nu abẹ́ àgbọ̀n, ó gbé òwú náà sójú iná. Ó tún un nù. A ń wo òwú yẹn bí ẹni pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Kò gé," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Wọ́n ti ibùsùn náà jáde, ilẹ̀kùn kejì gbà á wọlé, ó pa dé. Ìyàwó Bàbá Aránṣọ, tó ti ń dúró níta látàárọ̀, sáré wọlé wá di ọwọ́ Kòjókòó mú, ó ń dúpẹ́, ó ń sunkún.

"Mo sọ fún wọn! Mo ní kò sọ́wọ́ tó dà bíi tìẹ."

"Ọwọ́ mi kọ́, Màmá. Bàbá ló fá a fúnra wọn."

"Ẹ gbọ́ ọ o! Ó tún ń fi mí ṣeré." Ó rẹ́rìn-ín nínú ẹkún.

"Òótọ́ ló ń sọ," mo ní, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti wà lára ilẹ̀kùn tó pa dé, kò gbọ́ mi mọ́.

Kòjókòó nu irin náà gbẹ, ó yọ abẹ kúrò nínú rẹ̀, ó fi táwẹ̀lì wé e, ó sì fi í sọ́wọ́ ìyá náà. "Ẹ bá mi gbé e fún Bàbá tí wọ́n bá jí. Tiwọn ni."

A jáde sójú títì. Mo ń sáré tẹ̀ lé e.

"Kí lo máa wá fi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé?" mo ké pè é.

"Mi ò tíì mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. Ó ti fi ilé mẹ́ta ṣíwájú mi.